Eku ló sàn, kì í ṣe màmá mi

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi jáde ní yunifásítì, ewé dóńgóyárò la fi ń wo ibà lára eku funfun. A ó gún wọn lábẹ́rẹ́ kòkòrò ibà, a ó fún wọn lóògùn fún ọjọ́ mẹ́rin, a ó wá gé ṣóńṣó ìrù wọn díẹ̀ kí a lè wo ẹ̀jẹ̀ wọn. (Eku wọ̀nyẹn ń géni jẹ o! Àpá rẹ̀ ṣì wà níka mi.) Àwọn tó mu omi lásán, kòkòrò ti bo ẹ̀jẹ̀ wọn bí eèrà tó rí ṣúgà. Ti àwọn tó mu ewé dín kù gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe màmá mi: "Màmá, àgbo yín ṣiṣẹ́ o!"

Ọ̀gá mi kò bá mi yọ̀. Ó ní, "Kòkòrò wo lo fún wọn?" Plasmodium falciparum tó ń pa àwọn ọmọ wa kì í ran eku lásán. Plasmodium berghei là ń lò, èyí tí wọ́n rí lára eku igbó ní Kóńgò lọ́dún 1948, kì í sì í ran èèyàn.

Ó tún ní kí n ṣírò. Mílígíráàmù 400 fún kílò kan la fún eku. Ara eku máa ń tètè lo oògùn tán ju tiwa lọ, nítorí náà a máa ń fi nǹkan bí 12 pín in. Fún ẹni tó wọn kílò 60, ó di nǹkan bí gíráàmù 2 ògidì oje ewé gbígbẹ lójúmọ́. Ọtí líle la sì fi fa oje tiwa jáde. Omi gbígbóná ni màmá mi ń lò. Ta ló mọ iye tó wà nínú ife rẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ má fojú di eku. Lára eku ni Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn kan, ti rí i lọ́dún 1971, ní Ṣáínà, pé oje ewé tó di artemisinin, oògùn ibà, ń pa kòkòrò ibà. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀: lọ́dún 1972, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní wọ́n ti yẹ oògùn òun wò ní lábù, ẹ bi í: ta ló mu ún? Màmá mi ṣì ń se àgbo. Àdéhùn wa ni pé bí ara bá gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa ṣáájú ìkòkò.