Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí mímú ayaba oyin

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ oyin sísìn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà yín kí ayaba má lọ ta yín nígbà tí ẹ bá ń mú un láti kùn ún lọ́dà tí a fi ń dá a mọ̀, tàbí láti gé ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní oró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayaba ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lò ó fún. Agbára káká ni kó fi ta ènìyàn. Òun gan-an ló wà nínú ewu lọ́wọ́ yín. Ẹyin tó ń yé lè tó 1,500 lójúmọ́ nígbà tí òdòdó bá pọ̀, inú ikùn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń jáde. Bí ẹ bá tẹ ikùn yẹn, ó lè má yé dáadáa mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ayaba mìíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Ìyẹ́ ni kí ẹ fi mú un, tàbí ẹ̀gbẹ́ àyà níbi tí ẹsẹ̀ ti hù.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ayaba rárá, ẹ fi akọ oyin kọ́ṣẹ́. Akọ kò ní oró, ara rẹ̀ tóbi, bó bá sì kú mọ́ yín lọ́wọ́, ilé oyin kò ní dàrú. Ẹ mú wọn, ẹ kùn wọ́n lọ́dà, ẹ dá wọn padà sórí afárá, títí ìka yín á fi mọ ìwọ̀n agbára tó tó. Mi ò mọ ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ tó dáa ju èyí lọ.

Bí ẹ bá ń wá ayaba, ẹ má fín èéfín jù, kó má baà sá wọ kọ̀rọ̀. Ikùn rẹ̀ gùn, ìyẹ́ rẹ̀ kò bò ó dé ìdí, òkè àyà rẹ̀ sì ń dán nítorí pé irun ibẹ̀ kò pọ̀. Ibi tó ń dán yẹn lọ̀dà ń lọ, ẹ̀kán kékeré kan péré. Bó bá ṣàn dé ojú, dé ìwo tó fi ń gbóòórùn tàbí dé ọrùn, ẹ ti ṣe é léṣe nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ dán ọ̀dà náà wò lórí èékánná yín. Orí àpótí tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, pé bó bá já bọ́, inú ilé rẹ̀ ló bọ́ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Ọṣẹ tàbí ìpara olóòórùn kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ yín, torí bí òórùn àjèjì bá bá a wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣùrù bò ó, kí wọ́n pa á. Nígbà mìíràn ó máa ń dákú, á kákò bí èyí tó ti kú. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó sábà ń jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ti àwọ̀ ọ̀dà, ọdún tí wọ́n bí ayaba la fi ń mọ èyí tí a ó lò: funfun ni fún ọdún tó parí sí 1 tàbí 6, yẹ́lò fún 2 àti 7, pupa fún 3 àti 8, àwọ̀ ewé fún 4 àti 9, búlúù fún 5 àti 0.

Kíkùn lọ́dà kì í ṣe mí ní iyèméjì. Gígé ìyẹ́, tí àwọn kan ń ṣe kí oyin má baà bá ayaba ṣí lọ, ni mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Ẹ má gé ìyẹ́ ayaba tí kò tíì gba akọ láéláé. Òfuurufú ni wọ́n ti ń pàdé, èyí tí kò bá sì gba akọ, akọ nìkan ni ẹyin rẹ̀ á máa dà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹ́ iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ti tó. Kí àlùmọ́gàjí tó pa ẹnu dé, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: ó máa ń nà án sókè láti ti ohun tó dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń gé ẹsẹ̀ mọ́ ìyẹ́.

Ìyẹ́ gígé kò sì ní kí oyin má ṣí lọ. Wọ́n á jáde, ayaba á já bọ́ níwájú ilé, ó tilẹ̀ lè sọnù sínú koríko; àwọn yòókù á wá a tì, wọ́n á padà wọlé. Ìgbà tí wọ́n bá fi ìda dí ihò ayaba tuntun ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ jáde, ayaba tuntun náà á sì pa ní nǹkan bí ọjọ́ 8 lẹ́yìn náà, wọ́n á bá a lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni gígé ìyẹ́ fi dá wọn dúró fún yín. Bí ẹ kò bá ní ráyè ṣí àpótí wò láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ fi ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.