Ọlọ́run Gbọ́ Mi Nígbà Tí Mi Ò Lóhùn

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pariwo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí oṣù 5 gbáko ni èmi fúnra mi ò fi lè pariwo ẹ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ọmọ ọdún 24. Láti ìgbà tí mo ti wà ní JSS 2 ni mo ti ń kọ sópránò nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Èmi náà ni mo máa ń wàásù fún àwọn ọ̀dọ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ fi ti ìwàásù yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ìyá tó ń dirun fún mi ló kọ́kọ́ rí nǹkan náà. Ó ní kí n gbórí sókè, ọwọ́ ẹ̀ sì dúró. "Ọmọ mi, kí ló wú sí ọ lọ́rùn báyìí?" Mo fọwọ́ bà á. Bí mo ṣe gbé itọ́ mì, ó gbéra lábẹ́ ìka mi, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ó wọ́pọ̀ láyé àtijọ́ ní àwọn ibi tó jìnnà sí òkun bíi tiwa, torí áyódììnì, èròjà kan tí ara nílò, tó ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ, àti pé látìgbà tí wọ́n ti ń fi áyódììnì sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà, láti 1993, ló ti ń dínkù. Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀. Kókó kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń yára dàgbà, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin sì ní àfi kí àwọn yọ ọ́.

Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà mú bírò, ó ya ọ̀fun sórí ìwé fún mi. Ó fa ìlà tín-ín-rín méjì sí i, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ní iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ohùn nìyẹn, pé ẹ̀yìn gẹ̀gẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà kọjá. "Bí nǹkan bá kàn án, ohùn ẹ lè lọ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá wá lọ já..." Kò parí ẹ̀. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní, "Mò ń kọrin ni, sà." Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ń wo ìwé yẹn.

Mo padà sílé, mo sì lọ sí àṣemọ́jú kan tí wọ́n pe oníwàásù àlejò sí. Ó wàásù nípa ìgbàgbọ́ láti aago 12 títí di nǹkan bí aago 3. Ó ní ẹni tó bá gbé ara ẹ̀ sábẹ́ ọ̀bẹ dókítà ti sọ fún Ọlọ́run pé kò tó. Gbogbo ìjọ ní "Àmín!" Ìbòrí ni mo fi bo ọrùn mi, mo jókòó, ara mi ń gbọ̀n. Kì í ṣe ìbínú ló ń gbọ̀n mí. Ọ̀rọ̀ mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Torí èmi náà ti wàásù bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ó ní egungun ṣì ń ro òun, kí á bá òun gbàdúrà. Mo gbé máìkì, lójú gbogbo èèyàn, mo ní, "Jésù ti wò ẹ́ sàn, ìwọ ni o ò tíì gbà." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ará. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó ń rọra tọ ògiri lọ, láti ọjọ́ náà a ò rí i ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. Mi ò sì béèrè ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn: mi ò béèrè ẹ̀.

Mi ò fojú kékeré wo àwọn bàbá wa tó gba Ọlọ́run gbọ́ láìlo oògùn o. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gágá jà ní 1918, tí àwọn èèyàn ń kú, inú àdúrà ni àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde sá sí, ibẹ̀ sì wà lára orísun àwọn ìjọ aládùúrà wa. Ìyá ìyá mi, ọmọ Odò-Ọwá ni, ìlú tí wọ́n ti bí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904. Bí Màmá bá ń sọ ìtàn náà, wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀: bí ọkùnrin náà ṣe ń wa katakátá tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà, bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú pii ní oṣù kẹwàá 1928, tí ohùn kan sì pè é lórúkọ, àti bí èrò ṣe ń wọ́ tìrítìrí lọ sí ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930. Wọ́n á tún sọ bí àwọn míṣánnárì tó wá láti Bìrìtìkó ṣe ń lo kuiníìnì fún ibà, tí èyí sì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ títí ìjọ fi pín. Màmá ò lo kuiníìnì rí láyé wọn. Omi àdúrà ni.

Nítorí náà, ẹ̀rù Màmá ló bà mí jù. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní mo fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì gba ọrùn mi mú bí ẹni gba ẹyin, wọ́n ní, "Mi ò mọ ohun tí dókítà mọ̀. Kí wọ́n máa gé e lọ́hùn-ún, kí èmi máa kúnlẹ̀ níbí." Ọjọ́ 3 ni wọ́n fi gbààwẹ̀. Nígbà tí mò ń lọ wọkọ̀, wọ́n fún mi ní omi àdúrà nínú ìgò kékeré kan, wọ́n fi òwú dúdú so ọrùn ìgò náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọn ò jẹ́ kí n mu nǹkan kan, torí abẹ́rẹ́ oorun. Ìyá mi ṣí ìgò, wọ́n ki ìka bọ omi náà, wọ́n fi kàn mí níwájú orí. Alhaja kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ọmọ Ìlọrin, rí wa. Wọ́n fi tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Ọlọ́run á mú ọ padà bọ̀ lóhùn-lóhùn, ọmọ mi." Àmín wọn ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn kí wọ́n tó tì mí wọlé. Alhaja, ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ ṣeun, mà.

Nígbà tí mo jí, dókítà ní kí n pe "í". Mo ya ẹnu. Èémí lásán ló jáde. Ó ní kí n tún un pè. Èémí. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò mí lọ́fun lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní iṣan kankan ò já, pé èyí tó wà lósì ló fara pa díẹ̀, pé ó lè gba oṣù díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Kókó náà, àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́ níwájú pẹpẹ, ohùn ni mò ń sunkún lé lórí.

Ilé àǹtí mi ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin níbẹ̀, ni mo dúró sí títí ara mi fi ń yá, torí àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Yorùbá láìsí ohùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń fi èémí sọ̀rọ̀ ò ní dò, kò ní re, kò ní mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ fún ìyá mi pé, "Ìlù." Wọ́n ní, "Ìlú? A ó padà sílùú, a ò ní í pẹ́ padà, fara balẹ̀." Mo mirí. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Mo gbọ́, ìlú. Gbogbo wọn ń kí ẹ nílùú." Mo bú sẹ́kún. Ìlù ni mò ń wí, ẹ̀yin ará mi. Gángan àbúrò mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé wá.

Àbúrò mi ló yé. Òun ló ń lùlù fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Ó gbé gángan sábẹ́ apá, ó fún ọsán rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo fi èémí sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó fi ìlù pè é: "O ṣé o, Baba." Ìlù gbé e jáde ketekete, ìyá mi nínú kíṣìnnì sì dáhùn pé "Ó ṣé o!" kí wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ohun tí ò ní ọ̀fun bá mi yin Ọlọ́run. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo alẹ́ la wá ń ṣe é lẹ́yìn náà, èmi ní èémí, òun ní awọ.

Látìgbà náà ni etí mi ti là sí orin wa. Tẹ́lẹ̀, bí mo ṣe máa gun òkè ohùn ni mo máa ń rò. Ní báyìí tí mo jókòó sáàárín ìjọ tí mò ń gbọ́, mo rí i pé nínú ọ̀pọ̀ orin tí a tú láti èdè Òyìnbó, orin ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sílẹ̀, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ míì. Bí orin bá fa "ọkọ̀" sókè, ọkọ́ tí a fi ń roko ló dà. Àwọn àgbà akọrin ti rí èyí tipẹ́. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 di 1962, ja ìjà ẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Mi ò ní kí á sun ìwé orin wa níná, àwọn orin náà ló gbé Màmá dé ibi tí wọ́n dé. Mo kàn ń bẹ ẹ̀yin tó ń kọ orin tuntun, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà han orin, kí ẹni tí ò mọ orin náà rí lè gbọ́ ohun tí a ń sọ fún Ọlọ́run.

Nígbà tí mo padà sí Òmù-Àrán, mo lọ sílé ọmọbìnrin yẹn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, torí mo mọ̀ pé kò ní gbọ́ ohun tí mo bá sọ. Mo kọ ọ́ pé, "Mo sọ pé o ò gbà. Irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run, mo sì ṣẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Dárí jì mí." Ó kà á lórí ìdúró. Ó wo ojú ọgbẹ́ ọrùn mi. Ó ní, "Ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?" Òun, tí egungun ẹ̀ ń ro, òun ló ń bi mí. Ó gbé àga fún mi, ó wá fọwọ́ lé mi lọ́rùn, ó gbàdúrà fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, mo ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà, torí èmi ni mo kọ́ yín.

Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà ní oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, bí ìgbà tí omi ẹ̀rọ bá ń bọ̀, tó ń tú atẹ́gùn ná. Ní oṣù karùn-ún, mo pe ìyá mi láti ìta, wọ́n sì dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ohùn òkè pátápátá ò padà. Dókítà ní wọ́n lè padà, wọ́n sì lè má padà. Áltò ni mò ń kọ báyìí, mo dúró sí ìlà kejì, mo sì ń gbọ́ àwọn sópránò níwájú mi bí mi ò ṣe gbọ́ wọn rí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbọ́ èémí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan méjèèjì, tí kò gé ọ̀kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ìgò yẹn nìyí lọ́wọ́ mi, omi inú ẹ̀ ṣì kù. Ọmọbìnrin tí mo sọ nìyẹn, ó jókòó sí ìjókòó kẹta lápá ọ̀tún, ó wá bá mi dúpẹ́. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, gbé gángan. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dìde.