Àyẹ̀wò ọdún 2025: ọdún tí yanrìn gba ìrà ìko lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ látẹ̀yìn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìrà tí gbogbo ìko (awọ màrìwò igi ìko tí a fi ń hun nǹkan) tó wọ báàgì, bẹ́líìtì àti yẹtí tí à ń ṣe ní Àgbádárìgì níbí ti ń jáde ti di ilẹ̀ ìkọ́lé. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ni típà ti bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn síbẹ̀, nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró, wọ́n ti ń gé e ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Tí ẹ bá bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwọn oṣù tó kù, ẹ ó kàn rí wa tí à ń họrí ni. A ṣe Iléyá, a tà díẹ̀, a jẹ gbèsè díẹ̀, ó tán.

Màámi Ẹlẹ́ní, ẹni tó mọ ìko bó jù láàárín wa, ò rí i. Wọ́n ti lọ sinmi kí típà àkọ́kọ́ tó wọlé. Ó ṣeé ṣe kó dára bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n wà láyé ni, àwọn awakọ̀ típà yẹn ìbá gbọ́ irú Ẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé rí. Ẹ jẹ́ ká kọjá síbòmíràn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tó bá ti ara ewé wá kò lè ba àyíká jẹ́. Àwa náà a máa kọ ọ́ sára páálí báàgì. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè ni pé, ibi tí wọ́n ti gé ewé yìí, ṣé òmíràn ṣì lè hù níbẹ̀? Góńgó kan ṣoṣo ni igi ìko ń gbà dàgbà, ní àárín orí rẹ̀ gan-an. Tí àdá bá kan ibẹ̀, igi náà kú nìyẹn, kò ní yọ ẹ̀ka míì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé màrìwò kan ni à ń mú lórí igi kan, a ó sì fi èyí tó tẹ̀lé e sílẹ̀ kó là, kó di ewé, kó máa bọ́ igi, ká tó padà sídìí rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó gbogbo màrìwò lórí igi kan náà, ebi ló ń fi pa á. Tẹ́ni tó ń dá ẹmu náà wà ńbẹ̀, nítorí igi ìko tí wọ́n bá dá ẹmu rẹ̀ tán kì í pẹ́ kú. Gbogbo èyí la mọ̀, a sì pa á mọ́. Yanrìn ò béèrè iye màrìwò tí a fi sílẹ̀.

Fún àwọn tó ń bi wá bí wọ́n ṣe ń bó ìko, a ó kọ ọ́ síbí kó má bàa lọ pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Màrìwò tó ṣì dì pọ̀ bí agbòòrùn tí wọn kò tíì ṣí ni kí ẹ mú, èyí tó ti là ti le, awọ ara rẹ̀ kì í bó mọ́. Ẹ ya ewé kọ̀ọ̀kan kúrò lára ọ̀pá. Ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sí ṣóńṣó ewé, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ kọ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kó má já. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ojú kejì á gbé orí. Ẹ di awọ yẹn mú, kí ẹ sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà dé ìdí. Ìdádúró láàárín ló máa ń mú kó ya. Ọjọ́ tí ẹ bá gé e ni kí ẹ bó o, torí tó bá di ọjọ́ kejì, oje inú rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra, awọ á sì máa já ní kékeré kékeré. Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀, torí ìrì ló ń fa àwọn àmì dúdú tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìdọ̀tí. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́. Ọwọ́ Màámi a máa fa awọ náà jáde láìyà látòkè délẹ̀. Èyí tí àwa bó tó ya jagajàga, a sọ ọ́ ní kànìnkànìn, a sì ta á fún àwọn tó ń fọ abọ́. Owó ṣáà ni.

Ìko tó kù lọ́jà báyìí, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, orí ọkọ̀ tó ń mu dísù. Àwọn tó ń tún aṣọ Sàǹgbétò, eégún Ẹ̀gùn tó ń wọ ìko, ṣe náà ń wá a, a ò sì lè bá wọn du nǹkan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọjú sí gbéborùn, ewéko orí omi tí gbogbo apẹja Àgbádárìgì ń ṣépè fún.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ronú rẹ̀ o. Achenyo Idachaba tó dá ilé iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ti ń fi í hun nǹkan tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa níbí ló gbà wọ Nàìjíríà: ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, ó gba omi Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) wọ Àgbádárìgì. Gúúsù Amẹ́ríkà nilé rẹ̀. Kò fẹ́ iyọ̀ rárá. Omi òjò tí odò Yewa ń gbé wá ló ń mú un kún ọ̀sà, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì dé, tí omi òkun bá wọlé, á gbó, á jẹrà, á rì. Nítorí náà, ìgbà tó pọ̀ jù lórí omi náà ni òjò kì í jẹ́ kó gbẹ. Ìgbà tó dáa jù ni àárín ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró sí ìgbà tí iyọ̀ bá dé, bí oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Ìgbà náà kúrú.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé hun. Níbi tó bá ti fún pọ̀ ni ọ̀pá ewé rẹ̀ ti ń gùn, nítorí gbogbo wọn ń du ìmọ́lẹ̀, á tó sẹ̀ǹtímítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tó bá ti tú ká, ìdí ọ̀pá á wú, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, á sì kúrú. Ìyẹn ò wúlò fún wa. Bàbá Olókọ̀ (ọpẹ́ wọn ò ní tán lẹ́nu wa lọ́dún yìí) máa ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni, wọn kì í gé ọ̀pá kí wọ́n fi ìdí sílẹ̀, nítorí ìdí tó bá kù sómi á tún hù. Òkè, níbi tí omi kò lè gun dé, la ń kó gbòǹgbò àti ewé sí kó jẹrà. A kì í fi ìyẹn sẹ́bẹ̀ ẹ̀fọ́, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa májèlé inú omi mọ́ra. Ìdí òdòdó la ń dà á sí. Ẹnìkan tilẹ̀ bi wá bóyá kí òun gbìn ín sínú adágún ẹ̀yìnkùlé òun kóun lè máa tà á fún wa. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un láti di ìlọ́po méjì, ìjì òjò kan sì tó láti gbé e lọ sódò ẹlòmíì.

Nínú kìlógíráàmù 10 tútù, nǹkan bí 9 ààbọ̀ ló jẹ́ omi. Ibi tí gbogbo wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí pẹpẹ ọparun la ń sá a sí, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì, nítorí ìsàlẹ̀ tó kan sìmẹ́ńtì á làágùn, èébu á gbà á. Àárọ̀ àti ọ̀sán la ń yí i. Tí oòrùn bá mú dáadáa, ọjọ́ 5 sí 7 ni. Ìdí ọ̀pá ló ń gbẹ kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni kí ẹ tẹ̀: tó bá tutù lọ́wọ́, tó sì rọ̀ nínú, ẹ dá a padà sóòrùn, ohun yòówù tí oníbàárà ń sọ lórí fóònù. Tó bá wá di àtihun, ẹ má rì í sómi. Ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin nù ún, kí ẹ wé e mọ́jú. Èyí tó bá mu omi jù á wú nígbà tí ẹ ń hun ún, á súnkì lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo á sì ṣí láàárín ìdì kan àti èkejì.

Báàgì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó ga ní 25, tí ìdí rẹ̀ nípọn ní 8, tí a bá dì í ní ìdì ọlọ́mọ mẹ́ta tó fẹ̀ ní 1.5, á gba nǹkan bíi mítà 16 ìdì. Ọ̀pá bíi 160 nìyẹn, nítorí a máa ń gé orí àti ìdí kúrò, a sì ń fi sẹ̀ǹtímítà 10 gun ara wọn níbi tí a ti so wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìsopọ̀ ọmọ méjì bọ́ sójú kan, ibẹ̀ ni báàgì á ti kọ́kọ́ já tí wọ́n bá ki iṣu sínú rẹ̀. Wọ́n á sì ki iṣu sínú rẹ̀, a mọ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin ike àti ọ̀rá ìlò-ẹ̀ẹ̀kan ṣẹ, títí kan ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju máíkírọ́ọ̀nù 40 lọ. Inú àwọn kan dùn fún wa pé ọjà ti dé. Òótọ́ ni pé wọ́n béèrè apẹ̀rẹ̀ ọjà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ọ̀rá ti jẹ́ ọ̀tá tipẹ́ kí òfin tó dé, nítorí báàgì tí a bá dì sínú ọ̀rá nítòsí òkun báyìí á làágùn, ewú èébu á yọ lára rẹ̀. Ẹ fi bébà tàbí aṣọ òwú wé e, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Èébu tó bá ṣì jẹ́ funfun lójú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n níta, kí ẹ fi ọtí kíkàn nù ún, kí ẹ sá a. Tó bá ti di dúdú, ó ti wọnú rẹ̀. Ẹ má da bílíìṣì sí i, á mú àwọ̀ rẹ̀ mọ́, á sì sọ ọ́ di gbẹ̀rẹ́gẹ̀dẹ̀ tó ń dá pọ́kí.

Inú báàgì ni irọ́ pọ̀ sí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ lè hun ìta rẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ aṣọ rọ́bà mọ́nú rẹ̀, ó di ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni kò lè tú sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn télọ̀ ọ̀nà Màrínà (ẹ ṣé gan-an) ló ń tọ́jú ègé ànkárá fún wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ànkárá ni òwú. Ẹ yọ fọ́nrán kan, kí ẹ ṣáná sí i: òwú á jó, á rùn bí bébà, eérú á kù, àdàmọ̀dì á yọ́, á di kóró líle. A ń fi òwú tí a fi ìda oyin pa rán an mọ́ ìdí àti etí, kí ẹni tó bá fẹ́ lè tú u. Bọ́tìnnì igbá àgbọn ló ń pa ẹnu rẹ̀ dé, a fi yanrìn bébà pọ́n ọn. Àfi àpò kékeré ti inú, síìpù ike ṣì ni. Ẹ máa fi wá rẹ́rìn-ín lọ, oníbàárà fẹ́ ibi tí fóònù ò ti ní jábọ́.

Ti aró, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Gbéborùn pọ́n fúnra rẹ̀, àwọ̀ tó fẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn lára rẹ̀, ìko ló ń gba aró. Èèpo máńgòrò la ń kọ́kọ́ sè é pẹ̀lú, ti ẹ̀ka tí wọ́n gé, kì í ṣe kí a bó ìdí igi yíká, nítorí igi tí wọ́n bó yíká á kú. Lẹ́yìn náà la ó fi álọ́ọ̀mù gíráàmù 15 sí ìko gbígbẹ gíráàmù 100. Omi ìṣó onípáta máa ń sọ ọ́ di dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, á jẹ ìko náà, á máa já lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àtàlẹ̀ pupa lẹ́wà, oòrùn á sì gbé e lọ. Ẹ sọ fún oníbàárà kó tó sanwó.

A tún gbé okùn àgbọn wò, bí àgbọn ṣe pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ó lágbára, iyọ̀ ò sì tètè bà á jẹ́, ó dáa fún inú bẹ́líìtì àti àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà, ṣùgbọ́n ó ń ha ọrùn. Èèpo rẹ̀ tí wọ́n bá sì rì sójú kan nínú omi fún oṣù mélòó kan á rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, á sì lé ẹja lọ. Àwọn apẹja tí a ń bá tu gbéborùn kò ní dárí jì wá.

Bàbá Olókọ̀ kó èso ìko díẹ̀ fún wa kí yanrìn tó bò ó. A gbìn wọ́n sínú àpò ìrẹsì tó kún fún ẹrẹ̀, lábẹ́ ibòji. Ìko máa ń pẹ́ kó tó hù, ọdún púpọ̀ ló sì máa gbà kí ẹnikẹ́ni tó mú màrìwò lórí rẹ̀. A ò tíì ní ìrà tí a máa kó wọn lọ, tí ẹnìkan bá ní ibi tí omi ti ń dúró tí kò sì ní in lọ́kàn láti tà á, kó bá wa sọ̀rọ̀.

Báàgì ìko tó kù nílé, a ò tà wọ́n. Ti gbéborùn wà. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọdún Àjíǹde, kó tètè sọ, ọ̀pá tí a bá sá kí iyọ̀ tó wọ ọ̀sà la ó fi ṣe é, tó bá tán, ó di ìgbà òjò.