Jìtá Aláró

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbé fọ́tò mi ti ọjọ́ ìkórè yẹn sórí status yín, Ọlọ́run rí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá a kiri. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi rò ó, kí àwọn akọrin wa tó fi iyọ̀ sí i.

Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ èmi àti jìtá. Èyí wá láti Ṣáínà. Inú páálí ló wà, ara lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, okùn mẹ́fà nínú ọ̀rá, wáyà, síkúrù, àti ìwé pélébé kan tí n kò rí kà. Ìyàwó mi yẹ gbogbo rẹ̀ wò. "Dádì, jìtá tó ti fọ́ ni wọ́n tà fún yín o." Mo ní bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn, ẹni tó bá rà á ló máa tò ó pọ̀. "Ẹ sanwó tán, ẹ tún wá ń bá wọn ṣiṣẹ́?" Mo ní Leo Fender, bàbá tó ṣe jìtá Telecaster ní Amẹ́ríkà, rédíò ló ń tún ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ jìtá, kò sì mọ̀ ọ́n ta títí tó fi kú ní 1991. Ó ní, "Ẹ̀yin náà kò ṣáà mọ̀ ọ́n ta."

Ẹ wo ẹni tí mo gbé sílé.

Títò rẹ̀ kò le. Síkúrù mẹ́rin ló de ọrùn mọ́ ara. Ìdí wáyà nìkan ni mo ti fẹ́ tẹ́: n kò jó wáyà earth mọ́ irin tí ìdí okùn wà, jìtá bá ń kùn hùùù bí ilé oyin tí wọ́n sọ lókò. Ọmọ tó ń tún rédíò ṣe nítòsí Ọjà Ọba kán lẹ́ẹ̀dì sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó dákẹ́. Ó yẹ kí èmi náà jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi náà kò ní ọ̀dà kankan lára. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn á ra ọ̀dà mọ́tò, á fọ́n ọn sí i, á jẹ́ kó gbẹ, ó parí. Èmi rò ó, mo tún un rò, mo ní Òṣogbo ni mò ń gbé, ìlú aró, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀dà mọ́tò ṣe? Mo gbé igi mi, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró tó wà lẹ́yìn ilé wa.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ bá mi pa èyí láró."

Màmá wo igi, wọ́n wò mí. "Ìyá mi pa aṣọ láró, ìyá ìyá mi pa aṣọ láró. Kò sí ẹni tó gbé ìlẹ̀kùn wá bá wa rí."

"Kì í ṣe ìlẹ̀kùn, mà. Jìtá ni."

"Gbé e wá."

A rì í sínú ìkòkò. Nígbà tó jáde, àwọ̀ ewé ló mú bọ̀, mo fẹ́ figbe ta. Màmá ní kí n panu mọ́, kí afẹ́fẹ́ kàn án ná. Ojú mi báyìí ni ewé yẹn ṣe ń di aró díẹ̀díẹ̀, láti etí igi wá sí àárín. A tún rì í, a tún yọ ọ́, títí ó fi dúdú minimini. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín sí igi. Mo kàn ṣèèṣì bi Màmá bóyá ó máa ṣí.

"Aró tèmi?" Wọ́n fi igi ìpo-aró sílẹ̀. "Aró tèmi kì í ṣí!"

Káfíńtà àdúgbò wa ní kí n kun fánísì lé e lórí. Mo ní fánísì máa pa ẹwà rẹ̀. Ẹwà o! Ẹ gbọ́ ẹnu mi.

Ọjọ́ ìkórè ni mo gbé e jáde. Ẹ sì mọ̀ pé ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Sùtánà tuntun, mo ti fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́ tó dúró fúnra rẹ̀. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò gbé fáànù, òógùn bo gbogbo wa. Mò ń ta jìtá, àwọn ọmọdé iwájú ń nàka sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, háà, iṣẹ́ ń lọ. Mo fi àrà kún un. Mo nu òógùn ojú, mo gbé jìtá kọ́ ẹ̀yìn, mo jó. Ẹ̀yìn tó ṣẹ́kù ní funfun, mo ba òun náà jẹ́ fúnra mi.

Nígbà tí mo bọ́ ọ lọ́rùn, àwòrán jìtá gan-an ló jókòó sí ikùn mi, pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ àti ìwo rẹ̀ méjèèjì. Wòlíì wa bi mí pé oyè wo ni wọ́n fi mí jẹ tí òun kò gbọ́ sí. Mo bọ Ìyá Ìjọ lọ́wọ́, èmi dọ̀bálẹ̀dọ̀bálẹ̀, ìka mi márààrún wà lára aṣọ wọn títí di òní.

Ìyẹn gan-an kò dùn mí tó àwọn olùkọ́. Ní Òṣogbo yìí, jẹ́ kí aró kán sí ẹ lára, wà á rí i pé gbogbo ìlú ni ọmọ aláró. Ọ̀kan ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Ọ̀kan ní omi eérú, mo lò ó, aró náà fẹ̀ sí i. Omi eérú tí wọ́n fi ń po aró! Ìyá kan sì dá mi dúró, ó ń kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, bí wọ́n ṣe ń gún un, bí wọ́n ṣe ń sá a. Nígbà tó yí padà, mo rí etí àdìrẹ tó ró: òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ọmọ ìyá jìtá mi. Kò sì ṣí o.

Mo ká sùtánà, mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró lọ pẹ̀lú ìbínú.

"Màmá, ẹ ní aró yín kì í ṣí."

"Ó ṣí ni?"

"Ó ṣí kúrò lára igi, mà. Ara aṣọ mi ló lọ."

"O fọ aṣọ náà?"

"Mo fọ̀ ọ́ títí, mà."

"Ó ṣí?"

"Rárá, mà."

Màmá tẹ́ sùtánà sórí itan, wọ́n fọwọ́ ra á, wọ́n mi orí. "Owó igi nìkan lo san fún mi. Ti aṣọ yìí ń kọ́?"