Àwòrán Lásán

Òjò ti dá, iná ò tíì dé. Iná oníbátìrì ni mo fi ń kọ èyí. Mo lọ sí Ọjà-Ọba lónìí, mo ra wàrà àti tàtàṣé, mo wọ takisí padà sílé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo gbọ́ nínú takisí ni kò jẹ́ kí n sùn.

A kọjá níwájú ilé sinimá àtijọ́ yẹn. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí. Ọmọkùnrin kékeré kan tó jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, “Sinimá ni. Àwòrán lásán.”

Àwòrán lásán.

Mi ò bínú sí ìyá náà. Ọmọdé lòun náà, kò bá sinimá yẹn láyé. Rárá o, mo bínú díẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ò gbé e, mo bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mo ń lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn ni mo mọ̀. Ní gbogbo ìgbà ọmọdé mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ inú lọ́hùn-ún. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ò sí, àwọn àlúfà wa ní ilé kéwú ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ sinimá sétí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Teráásò tútù, fèrèsé kékeré onírin tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, òórùn ẹ̀pà àti ti sìgá. Lápá òsì, àpótí onídígí mẹ́ta wà lára ògiri, pẹ̀lú àgádágodo kéékèèké. Fíìmù ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wà nínú àkọ́kọ́, èyí tó ń bọ̀ wà nínú ìkejì. Pósítà ńlá á wà láàárín, fótò kéékèèké á yí i ká. Mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Fótò mẹ́jọ yẹn ni sinimá tèmi. Màá ti imú mọ́ dígí, màá máa tò wọ́n lọ́kàn: ọmọbìnrin Íńdíà tó ń sunkún, ọkùnrin tó gun ẹṣin, ìyá arúgbó tó na ọwọ́ sókè, ejò. Ta ló lé ta? Ta ló kọ́kọ́ kú? Tó bá di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ilé kéwú, màá sọ fíìmù náà fún àwọn ẹgbẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó wò ó.

Bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n máa ń wọlé. Tí wọ́n bá dé, màá bi wọ́n bóyá ọkùnrin orí ẹṣin yẹn gba ọmọbìnrin náà là. Wọ́n á ní, “Ẹṣin wo? Kò sí ẹṣin nínú rẹ̀.” Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀: wọ́n a máa ya fótò ìpolówó lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n yà sì lè má sí nínú fíìmù mọ́ nígbà tí wọ́n bá gé e tán. Nígbà náà, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń sọ irọ́ mi lẹ́yìn ilé kéwú, Bọ̀ọ̀dá mi á fara ti igi, wọ́n á gbọ́ ọ tán. Wọn ò tú mi fó rí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí oṣù yìí jẹ́ fún èmi àti Bọ̀ọ̀dá mi… ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo wọlé, fíìmù Ade Love, òṣèré yẹn, ni. Ọmọ Àgbàmù ni wọ́n, Àjàṣẹ́ ni ìyá mi, Ìgbómìnà kan náà ni. Láti ìgbà tí Ọlá Balógun, olùdarí fíìmù, ti fi wọ́n ṣe fíìmù Àjàní Ògún ní 1976 ni ìyá mi ti ń pè wọ́n ní ọmọ ilé wa. Ìyá mi fúnra wọn ló ka owó sí Bọ̀ọ̀dá mi lọ́wọ́ pé kí wọ́n mú mi dání. Iná kú, ariwo sọ, èmi sì ń wá fótò mẹ́jọ mi kiri lójú aṣọ funfun ńlá yẹn. Mo rí mẹ́fà.

Lẹ́yìn 1986 tí náírà ń já wálẹ̀, apá ò ká fíìmù tí wọ́n ń fi owó òkèèrè rà mọ́. Fídíò sì ti wọ ilé onílé. Pósítà ìgbẹ̀yìn wà nínú dígí títí, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Oòrùn kọ́kọ́ jẹ pupa àti yẹ́lò inú rẹ̀, ó ku búlúù nìkan, ojú gbogbo wọn wá dà bí ojú ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Bóyá òótọ́ ni obìnrin yẹn sì sọ. Àwòrán ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ mí. Lásán yẹn ni mi ò…

Fótò Bọ̀ọ̀dá mi tó wà lọ́wọ́ mi ò pé mẹ́jọ. Márùn-ún ni. Mo kó wọn jáde lálẹ́ yìí, mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí wọ́n dé fìlà, èyí tí wọ́n gbé mi kọ́rùn, èyí tí wọ́n ti wà ní ọsibítù tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo pààrọ̀ wọn, mo tún pààrọ̀ wọn. Mo gbé ti ọsibítù sí àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n gbé mi kọ́rùn wá gbẹ̀yìn.