Kí Ẹ Tó Kó Àwọn Ọmọ Wálé láti Ìlú Òyìnbó

Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù kì í yé pè mí: "Sístà, ṣé ká máa bọ̀ nílé?" Iná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà owó oṣù. Èmi a ní, ọmọ yín àgbà ńkọ́, kíláàsì wo ló wà?

Iṣẹ́ lè dúró de èèyàn, ìdánwò ọmọ kì í dúró. Ọmọ tó bá ti wọ Year 10 lọ́hùn-ún, tó dà bí SS1 wa, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdún méjì tó ń lọ sí GCSE, ìdánwò ńlá ilé ìwé girama wọn. Bí ẹ bá yọ ọ́ láàárín, kò mú ti ọ̀hún, kò mú ti ibí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní SS ti ń múra WAEC lórí ìwé tí kò tíì ṣí rí. Ẹ kó o dé kó tó wọ JSS1, tàbí kó parí Year 9 kó bọ́ sí SS1, tàbí kó ṣe GCSE tán. Ti GCSE yìí ni àkọ́bí mi ṣe.

Àbígbẹ̀yìn mi ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ JSS1 ní Ṣàgámù. Yorùbá nìkan ló fún un ní wàhálà. Ó gbọ́ èdè o! Ṣùgbọ́n nígbà tí tíṣà ní kí wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀, àmì ohùn òkè ló fi sí gbogbo rẹ̀, ó ní kó lè dọ́gba. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde rẹ́rìn-ín títí ìkọ́kọrẹ́ fi fẹ́ jóná.

Ilé ìwé pọ̀ lágbègbè wa. Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ti wà láti 1913, Tai Solarin dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Àmọ́ ẹ má wo orúkọ. Ẹ yọ sí wọn lójijì, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí yàrá sáyẹ́ǹsì. Níbì kan tí owó rẹ̀ ga bí òkè, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ni wọ́n ń wá kiri títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ti yunifásítì lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Páàspọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti máa gbé ọ̀hún fún ọdún 3 kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó àlejò, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ni yóò san, kò sì ní rí owó ìjọba yá. Ìjọba fi gbèdéke sí ti onílé, ìyẹn ọmọ tó ń gbé ibẹ̀; ní England, £9,535 ni fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26. Ti àlejò, iye tó bá wu yunifásítì ni. Ọmọ tó bá ṣe SS3 tán ní Rẹ́mọ tó wá fò padà ní September, àlejò ni wọn yóò kà á sí, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí.

Èmi àti bàbá wọn ti gbà pé nílé ni wọn yóò ti kàwé, JAMB ni àkọ́bí ń kà fún báyìí. Inú rẹ̀ ò dùn sí i, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún, n kò sì ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nílé wa.