Kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì, má tíì wo ojú

Fọ́tò kan wà tí mo tẹjú mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan ló dúró níwájú àgọ́, ogun 1914 sí 1918, ó gbé ìbọn dání, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá yìí, torí pé irin tí wọ́n máa ń fà lára ìbọn kí ọta tó wọlé, apá òsì ló wà. Mo tiẹ̀ ti ń rò ó lọ́kàn pé wọ́n á ti ṣe ìbọn tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún un ni. Ta ló fẹ́ ráyè ìyẹn lójú ogun? Lee-Enfield àwọn Gẹ̀ẹ́sì o, Mauser àwọn Jámánì o, Mosin-Nagant àwọn Rọ́ṣíà o, apá ọ̀tún ni irin yẹn máa ń wà lára gbogbo wọn. Ìgbà tí mo wá wo bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ lojú mi tó là. Ẹ̀wù ọkùnrin, apá òsì ló máa ń gun apá ọ̀tún lórí, tiẹ̀ wá rí bíi ti obìnrin. Ẹni tó fọ fọ́tò yẹn ló yí i sódì! Bàbá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mo sọ di ọlọ́wọ́ òsì fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Látọjọ́ yẹn, bọ́tìnnì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ojú èèyàn ń tanni jẹ jù. Fún ọmọkùnrin mẹ́wàá ní yunifọ́ọ̀mù kan náà, kí o gẹ irun wọn bákan náà, kí o wá dé fìlà irin bò wọ́n lójú, wàá bura pé ìbejì ni wọ́n.

Fìlà irin yẹn gan-an ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1914, kò sẹ́ni tó dé e. Àwọn Jámánì ń dé Pickelhaube, èyí tí wọ́n fi awọ ṣe tó ní ṣóńṣó lórí. Faransé ló kọ́kọ́ gbé Adrian jáde ní 1915, ó ní nǹkan bí ògbe àkùkọ láàárín orí, Gẹ̀ẹ́sì náà gbé Brodie tiwọn jáde lọ́dún yẹn kan náà, ó rí pẹrẹsẹ bí àwo, ìgbà tó di 1916 ni Jámánì wá ṣe èyí tó bo etí àti ẹ̀yìn ọrùn tó ní ìwo kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí náà bí ẹnì kan bá gbé fọ́tò wá pé bàbá bàbá òun rèé ní 1914, tí bàbá sì dé fìlà oníwo yìí, ẹ rọra sọ fún un pé ẹni náà lè jẹ́ bàbá bàbá ẹ̀ lóòótọ́ o, ọdún yẹn ni kò tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi níbí o, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣì í jù. Àwọn Amẹ́ríkà gba fìlà bí àwo yẹn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1917, wọn ò sì tètè bọ́ ọ, nígbà tí Japan kọ lù wọ́n lópin 1941, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà wọn ṣì ń dé e, torí ọdún yẹn gan-an ni fìlà irin tiwọn tuntun, M1, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nítorí náà ẹ ò lè wo àwo lórí Amẹ́ríkà kan kí ẹ sọ pé ogun kìíní ni. Ohun tó tuntun jù nínú fọ́tò ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀, kì í ṣe èyí tó gbó jù. Ohun àlòkù kì í parẹ́ lọ́wọ́ ológun, kódà tọ̀tá ni wọ́n máa ń gbé lò, àwọn Jámánì mélòó ni mo ti rí tó gbé ìbọn Rọ́ṣíà dání nínú fọ́tò.

Àwọ̀ náà ń purọ́. Fíìmù tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò nígbà ogun kìíní kì í rí pupa dáadáa, pupa á dúdú kirikiri, yẹ́lò náà á ṣú, búlúù á wá funfun. Ṣòkòtò pupa ni ṣọ́jà Faransé wọ lọ sógun ní 1914, ẹ máa rí i bíi dúdú nínú fọ́tò. Ìgbà tí wọ́n wá yí i padà sí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ní 1915, ó dà bíi pé àwọn aláṣọ funfun ló ń sá kiri nínú ẹrẹ̀.

Ti táǹkì ò ní gba àkókò wa, wíìlì ni kí ẹ kà. Márùn-ún ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, T-34 àwọn Rọ́ṣíà ni. Mẹ́fà kéékèèké tó so pọ̀ ní méjì-méjì, Sherman àwọn Amẹ́ríkà. Mẹ́jọ kéékèèké, Panzer IV àwọn Jámánì ni, kì í ṣe Tiger tiwọn, jàre. Wíìlì Tiger tóbi, wọ́n sì gun ara wọn lórí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Iwo Jima, erékùṣù Japan kan. Fọ́tò tí Joe Rosenthal yà ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 1945, ọkùnrin mẹ́fà ń gbé àsíá Amẹ́ríkà nàró lórí òkè Suribachi, kò sẹ́ni tí kò tíì rí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé mẹ́ta nínú orúkọ mẹ́fà tí wọ́n kọ́kọ́ kà ni wọ́n ṣì pè? Wọ́n tún ọ̀kan ṣe ní 1947, wọ́n yọ Hank Hansen, wọ́n fi Harlon Block sí i. Ó wá dákẹ́ síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, títí àwọn méjì kan tí kì í ṣe ológun, tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, fi jókòó ti àwọn fọ́tò ọjọ́ yẹn. Wọ́n wo ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní John Bradley. Nọ́ọ̀sì ojú ogun ni Bradley, nínú àwọn fọ́tò yòókù ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀ sókè, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bradley nínú fọ́tò àsíá ò ká tiẹ̀, ó sì so bẹ́líìtì ọta ìbọn mọ́dìí. Nọ́ọ̀sì wo ló ń gbé ìyẹn kiri? Wọ́n wá rí i pé Harold Schultz ló wà lára mẹ́fà yẹn, kì í ṣe Bradley, okùn akoto ẹ̀ já, ó sì ń fì dirodiro lápá òsì. Okùn tó já lásán o! Ní 2016 àwọn Marine, ẹgbẹ́ ogun Amẹ́ríkà tó gbé àsíá yẹn, gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Schultz ti kú láti 1995, kò sì fìgbà kan pariwo ẹ̀. Ní 2019 wọ́n tún yọ Rene Gagnon, wọ́n fi Harold Keller sí i, òrùka ìgbéyàwó wà lára ohun tó tú u.

Ẹ má sì gbàgbé pé wọ́n máa ń fọwọ́ kan fọ́tò. Ìjọba máa ń pa báàjì rẹ́ kí ọ̀tá má baà mọ ẹgbẹ́ ogun tó wà níbẹ̀. Yevgeny Khaldei tó ya àsíá Rọ́ṣíà lórí Reichstag, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin, ní May 1945, ohun tó jọ aago wà lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà yẹn, ó dà bíi pé wọ́n jí i gbé, Khaldei bá ha ọ̀kan kúrò, ó tún fi èéfín kún ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá inú fọ́tò mi. Nígbà tí mo yí fọ́tò yẹn sí bó ṣe yẹ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dúró gbọọrọ nísàlẹ̀ apá ẹ̀wù ẹ̀ wá bọ́ sápá òsì, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi àmì ọgbẹ́ sí láti 1916. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe é léṣe nìyẹn. Apá ọ̀tún ò ní àmì iṣẹ́ òkè òkun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní 1918, ó jọ pé wọ́n ti yà á kí ìyẹn tó dé. Orúkọ ẹ̀ ni ò sí. Ìwé àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ogun kìíní, èyí tó lé ní ìdajì ló jóná nígbà tí Jámánì ju bọ́ǹbù sí London ní 1940, tiẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ọlọ́wọ́ Òsì ni mo ṣì ń pè é.